Ohùn Kì í Hàn Lẹ́nu

Nígbà tí ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta ṣì jẹ́ géńdé, ẹsẹ̀ méjì tí a fi bí i ni ó fi ń rìn. Ọ̀pá tí ó ń tì lónìí kọ́ ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀pá kàn dé lọ́jọ́ alẹ́, ó sì sọ orúkọ náà di òótọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó bí orúkọ. Rédíò ni ó ń tún ṣe, nínú yàrá kan tí ó kọjú sí títì, tí tábìlì rẹ̀ kún fún wáyà àti àpótí rédíò tí a ti tú ẹ̀yìn wọn. Bí oníbàárà bá bi í pé kí ló ṣe rédíò òun tí ó fi yadi, yóò mú ohun dúdú bíńtín kan tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, tí ó ní ẹsẹ̀ wáyà mẹ́ta, yóò gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, yóò sì wí pé: "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Ọ̀kan ti kú nínú wọn."

Àwọn tí wọ́n ṣe é sọ ọ́ ní tìránsísítọ̀. Àwọn ènìyàn gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n odindi rédíò alágbèéká ni wọ́n fi ń pè. "Bá mi tan tìránsísítọ̀ yẹn kí n gbọ́ ìròyìn." Ọ̀rọ̀ yìí a máa bí Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta nínú bí ẹni pé wọ́n bú bàbá rẹ̀. "Ẹni tó pe rédíò ní tìránsísítọ̀," ni ó máa ń wí, "ṣe bí ẹni tó pe ilé ní ilẹ̀kùn." Bí oníbàárà bá ní sùúrù, yóò fi àga lọ̀ ọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìpilẹ̀.

"Iyanrìn ni ìyá tó bí i. Wọ́n yọ́ iyanrìn, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n tún un yọ́, títí ó fi di òkúta dídán kan tí kò ṣe bí irin tí ń jẹ́ kí iná kọjá, tí kò sì ṣe bí igi tí ń dínà mọ́ iná. Wọ́n wá fi àbùlà díẹ̀ sí i, bí ẹni fi iyọ̀ sómi, kí ó lè máa dínà nígbà tí a bá ní kó dí i, kí ó sì máa yàgò nígbà tí a bá ní kó yà. Ẹsẹ̀ kan ni iná ń gbà wọlé, ẹsẹ̀ kan ni ó ń gbà jáde. Ẹsẹ̀ àárín ni adènà. Iná bíńtín tó bá kan adènà lára ni yóò pinnu bóyá iná ńlá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yóò kọjá, àti ìwọ̀n tí yóò kọjá. Bí ẹ bá fi ìka kan ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi, ṣé ìka yín ló fún yín lómi ni? Ìka ò lómi. Àṣẹ ló ní."

Ọkùnrin tó ń tún aago ṣe ní yàrá kejì, tí wọ́n ń pè ní Alágogo, kì í jẹ́ kí àlàyé yìí parí láìfi ẹnu sí i.

"Adènà tí kì í gba rìbá!" ni yóò kígbe láti ojú ilẹ̀kùn. "Ibo ni wọ́n ti rí irú rẹ̀?"

"Ó ń gbà á o," ni Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta yóò fèsì. "Iná bíńtín tí à ń fi sí i lọ́wọ́ yẹn náà ni rìbá. Kó o tó fún un, kò níí ṣílẹ̀kùn."

Wọn a sì rẹ́rìn-ín, oníbàárà náà a rẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ yé e tán. Láyé ìgbà náà, ènìyàn ń ní àyè láti jókòó nídìí ẹni tó ń bá a tún nǹkan ṣe. Ọ̀gá tí ó kọ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta níṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ rí nígbà tí kò tíì sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí gílóòbù onígíláàsì ló ń ṣe adènà nínú rédíò. Rédíò ìgbà náà tó kọ́bọ́ọ̀dù. Bí a bá tan án, a óò dúró kí ó kọ́kọ́ gbóná. Gílóòbù náà a sì máa jó dànù bí iná àtùpà tí epo rẹ̀ tán. Nígbà tí ohun tí a bí nínú iyanrìn dé, tí kò gbóná, tí kò fọ́, tí kò sì gba àyè, ọ̀gá náà fi í sẹ́nu eyín, ó gé e wò, ó ní: "Ohun tó kéré tó báyìí, yóò jẹ́ kí nǹkan ńlá kan tóbi." Kò mọ ohun náà tí yóò tóbi. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta pàápàá kò mọ̀ títí ó fi darúgbó.

Ohun tí ó mọ̀ ni pé oníbàárà ń dín kù. Rédíò ti di ohun tí ń gbé inú fóònù, fóònù kò sì ní ẹ̀yìn tí ọwọ́ tirẹ̀ lè tú. Bí ó bá tú u pàápàá, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kankan tí ojú rẹ̀ lè rí níbẹ̀. Pẹrẹsẹ dúdú kan ni, tí ó dákẹ́ bí òkúta ojú oórì. Àwọn tó ń gbé rédíò wá kò ju àwọn arúgbó bíi tirẹ̀ lọ, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ti sin oníbàárà tán kí rédíò rẹ̀ tó padà sọ̀rọ̀.

Oníbàárà kan ṣoṣo ni kò fi í sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni.

Aránṣọ ni ìyàwó náà. Ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ ní apá kejì yàrá kan náà, láàárín tábìlì ọkọ rẹ̀ àti fèrèsé, ó sì fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ìwọ tí o bá ti sọ pé aṣọ funfun ni, yóò bi ọ́ pé funfun irú wo. "Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà" ni ó máa ń wí, ọkọ rẹ̀ a sì dá a lóhùn pé kì í jẹ́ kí ẹni ó tètè délé náà. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé pọ̀, tí ọ̀rọ̀ kò fi wọ́n wọn lẹ́nu rí, títí etí dídi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí obìnrin náà lára bí ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé, láìkan ilẹ̀kùn. Ohùn ẹyẹ ni ó kọ́kọ́ lọ. Ohùn àwọn ọmọdé tẹ̀lé e. Nígbà tí kò gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ máṣíìnì rẹ̀ mọ́ tí ó fi rán ìka ara rẹ̀ mọ́ aṣọ, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, ó sì fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn: àpótí kékeré kan tí ń gbé àyà, tí wáyà tín-ín-rín ti ara rẹ̀ lọ sí inú etí.

Kò sí aṣọ obìnrin náà kan tí kò rán àpò mọ́ ní àyà fún àpótí yìí. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ tú u wò lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ wọlé, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn odi. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tò síbẹ̀, ẹyọ mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Àkọ́kọ́ gbọ́ ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi ṣí ilẹ̀kùn fún iná tó pọ̀ ju ohùn náà lọ. Èkejì gba ti àkọ́kọ́, ó sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀kẹta gba ti èkejì. "Bí ìgbà tí ọmọdé bá sọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ létí," ni ó ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀, "tí ìyá sọ ọ́ fún bàbá, tí bàbá wá bọ́ sójú títì tó ń fi igbe ké e."

"Irú bàbá wo nìyẹn?" ni obìnrin náà bi í. "Ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́?"

Ọdún lọ, ọdún bọ̀, òun ni ó ń tún àpótí yìí ṣe. Àpótí náà ti di ti àtijọ́, wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní ìlú mìíràn, ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí òun ra tuntun, èyí tó kéré tó ń gbé inú etí pátápátá. Bàbá rẹ̀ kọ̀. "Èyí tí mi ò lè tú, mi ò mọ̀ ọ́n," ni ó wí. Ìyá náà kò sì jà fún un.

Nígbà òjò èṣí ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àárín kú nínú àpótí náà. Òógùn àti ọ̀rinrin ló pa á. Àpótí dákẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta wá irú rẹ̀ kiri títí, kò rí i. Ẹni tó ń ta ohun èlò rédíò wá fún un ní òmíràn. "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Bàbá," ni ẹni náà wí. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta gbà á. Lẹ́tà ara rẹ̀ ti kéré jù fún ojú rẹ̀, kò sì ṣe wàhálà láti kà á, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí ojú kò rí: ohun náà ní ikùn roboto, ó ní ojú pẹrẹsẹ, bí ojú pẹrẹsẹ bá kọjú sí ọ, ẹsẹ̀ àárín ni adènà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ọ̀nà àbáwọlé, ẹsẹ̀ òsì ni ọ̀nà àbájáde. Òfin tí ọ̀gá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Ó fi àtàǹpàkò wá ojú pẹrẹsẹ náà kàn, ó ki ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ ihò wọn, ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé lé wọn. Ó fi ohun àfisétí sí etí ara rẹ̀, ó sì gbọ́ tí Alágogo ń súfèé ní yàrá kejì. Ó ti dáa.

Ó ki àpótí náà bọ àpò àyà ìyàwó rẹ̀, ó fi ohun àfisétí sí i létí. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n ọkọ. "Ìyá ọmọ mi, ṣé o ń gbọ́ mi?"

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí.

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta jáde sójú títì tòun tọ̀pá. "Alágogo! Ọwọ́ yìí ò tíì kú o!"

"Ta ló sọ pé ó kú?" ni Alágogo dá a lóhùn. "Orí rẹ là ń bẹ̀rù fún."

Láti ọjọ́ náà ni ìdákẹ́jẹ́ ti wọ ilé wọn. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta rí i, ó sì fi orúkọ rere pè é: ó ní àgbà ló dé, ó ní obìnrin òun ti gbọ́n ju àríyànjiyàn lọ. Bí ó bá sọ pé oòrùn mú, obìnrin náà a ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá sọ pé òjò yóò rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Kò tún bi í pé irú òjò wo. Ọjọ́ kan wà tí irin gbígbóná yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó jó o níka. "Ọwọ́!" ni ó kígbe. "Yéè, ọwọ́ mi!" Obìnrin náà gbójú sókè, ó dìde kíá, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbé ọwọ̀ wá fún un. Ó na ọwọ̀ náà sí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ń wo ilẹ̀ láti rí ohun tí wọ́n fẹ́ gbá. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Alágogo, Alágogo náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá ti ń ṣarán," ni wọ́n wí.

Ìgbà tí ọyẹ́ mú ni àbígbẹ̀yìn wọn gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ tí ó wá kí wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀, ìyá sì kẹ́yìn sí wọn nídìí máṣíìnì. Bàbá mú ìbéèrè tí ó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jáde.

"Wọ́n ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi ló wà nínú kọ̀ǹpútà yín náà. Èmi mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Báwo ló ṣe wá mọ ìṣirò?"

"Kò mọ ìṣirò, Bàbá. Kò mọ nǹkan kan. Tiyín inú rédíò, ẹ ń ní kó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, kó tún ṣí i díẹ̀ sí i, bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò. Tiwa, a ò fún un láyè ìyẹn. Kó ṣí i pátápátá, tàbí kó tì í pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tó ní ilẹ̀kùn méjì tẹ̀léra. Ẹ ò lè kọjá àfi tí méjèèjì bá ṣí. Ìyẹn ń sọ pé 'tèmi àti tìrẹ'. Ẹ wá gbé ilẹ̀kùn méjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: èyí tó bá ṣí, ẹ gba ibẹ̀. Ìyẹn ń sọ pé 'tèmi tàbí tìrẹ'. Ẹ lè so méjì pọ̀ kí wọ́n di ara wọn mú, tí ọ̀kan ò fi níí yí padà àfi tí ẹ bá ní kó yí. Ìyẹn ni ìrántí. Nígbà tí 'àti' bá wà, tí 'tàbí' wà, tí 'bẹ́ẹ̀ kọ́' wà, tí ìrántí sì wà, kí ló kù tí ẹ ò lè fi ṣe? Ìṣirò ni, lẹ́tà ni, àwòrán ni. Ká sáà ní wọn tó pọ̀ tó."

"Èló ló pọ̀ tó?"

Ọmọ náà gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Àwọn tó wà nínú èyí nìkan lé ní bílíọ̀nù, Bàbá. Orí ohun tí kò tó ìka yín ni gbogbo wọn jókòó sí."

"Bílíọ̀nù! Ta ló ń yọ́ òjé sí wọn lẹ́sẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń yọ́ òjé. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ya gbogbo wọn sára òkúta náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà téèyàn ya fọ́tò."

"Tí ọ̀kan bá wá kú nínú wọn ńkọ́?"

"Ìgbà mìíràn, odindi ẹ̀ la máa jù nù."

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta wo tábìlì rẹ̀, ó wo irin, ó wo ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ láti ara lílò. Ó dàbí ẹni tí wọ́n mú lọ wo ilé tuntun tí ọmọ rẹ̀ kọ́, tí kò sì rí yàrá tirẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà rí i, ó sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mìíràn pa á mọ́.

"Àdínkù kọ́ ni 'bẹ́ẹ̀ kọ́' yẹn o, Bàbá. Òun gan-an ni agbára wọn. Ilẹ̀kùn tí kì í tì, ihò ara ògiri ni. Ẹni tó bá ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín."

Ó sọ ọ́ tán, ó sì rántí pé bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni ìyá rẹ̀ ń wí láti ìgbà tí òun ti dé. Ó yíjú sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

"Màmá."

Máṣíìnì ń lọ.

"Màmá! Ṣé kí n bá yín po tíì?"

Máṣíìnì ń lọ. Ọmọ náà dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, òjìji rẹ̀ sì bọ́ sórí aṣọ. Ìyá yíjú padà tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́, ó wí pé: "Màmá, ṣé ẹ ti ta máṣíìnì yìí fún Alágogo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ṣé ọmọkùnrin ni mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò rìn jìnnà. Ó rántí ọwọ̀.

Ọmọ náà ni ó là á yé e. Ẹnu ni ìyá ń wò. Ó ti fi ojú ṣe etí fún ìgbà pípẹ́, ojú a sì máa gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ní èdè tiwa, ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ohùn kì í sì í hàn lẹ́nu. Ọkọ tí ó fẹ́ni, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, bákan náà ni ètè ń ṣe bí a bá ń pè wọ́n. Ẹni tó kígbe ọwọ́ àti ẹni tó ní kí a gbé ọwọ̀ wá, ojú kan náà ni wọ́n ní. Níbi tí kò bá ti dá obìnrin náà lójú, bẹ́ẹ̀ ni ló máa ń wí.

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta na ọwọ́, ìyàwó rẹ̀ sì bọ́ àpótí fún un. Ó tú u. Gbogbo òjé rẹ̀ ń dán, kò sí ibi tó já. Ọmọ náà gbé fóònù sórí rẹ̀, ó sọ lẹ́tà ara ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àárín di ńlá, wọ́n sì wá àwòrán tó fi ètò ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn rí. Ọmọ ìyá kan náà ni lóòótọ́ pẹ̀lú èyí tó kú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀: èyí tó jẹ́ ọ̀nà àbáwọlé lára ti àtijọ́, ọ̀nà àbájáde ni lára tuntun. Adènà nìkan ni ó wà ní àyè rẹ̀. Ọwọ́ tó mọ ọ̀nà ti gbé e wọlé sódì.

"Ṣé kò yẹ kó ti jó?" ni ọmọ náà bi í.

"Kì í jó," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Tó o bá gbé e sódì, á ṣì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni fi ẹ̀yìn rìn. Ó ń ṣílẹ̀kùn, kò kàn ṣí i dé ibì kan ni. Ká ní ó jó ni, à bá ti mọ̀."

Etí tó yè ni ó fi dán an wò lọ́jọ́ kìíní. Ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó fi gbọ́ ìfé Alágogo tó fún etí tirẹ̀. Etí ìyàwó rẹ̀ kò rí nǹkankan gbà níbẹ̀ ju mímí lọ.

Ó gbé irin kaná. Ọmọ rẹ̀ bá a di àpótí mú. Ó yọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, ó yí ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ sẹ́yìn, ó tún un lẹ̀. Nígbà tí ó fi ohun àfisétí sí etí ara rẹ̀, igbe tó jáde níbẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fà á yọ kíá. Ó gbé e sí etí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ta gìrì, ó di àyà mú, ojú rẹ̀ là bí fèrèsé tí a ṣí. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kò ti lè rí ẹnu òun.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ yín." Omijé ti wà lójú rẹ̀. "Mo ń gbọ́ yín, Bàbá wọn."

"Kí ni mo sọ?"

Obìnrin náà tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Ohùn yín ni," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé ohùn yín ni. Mi ò mọ ohun tó ń sọ."

Dókítà etí tí wọ́n gbé e lọ bá lẹ́yìn náà kò bá wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní etí tí a kò fún níṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ a máa gbàgbé iṣẹ́. Ìró ń wọlé, ọpọlọ kò sì mọ bí yóò ti gé e sí ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní lára ọ̀dọ́, ó lè padà. Lára àgbà, ó ṣọ̀wọ́n. Ọmọ wọn ra ẹ̀rọ tuntun náà, èyí tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, tí ó tóbi bí hóró ẹ̀wà, kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ya ariwo títì kúrò lára ohùn ènìyàn, ó sọ ohùn náà di mímọ́ gaara. Obìnrin náà ń gbọ́ ohun mímọ́ gaara tí kò yé e.

Ní àárọ̀ tí ọmọ lọ, Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì, ó gbé e wá síwájú ìyàwó rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ẹnu òun dáadáa.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Obìnrin náà rí ìbéèrè yìí kedere. Bóyá ó ti ń retí rẹ̀.

"Òógùn ń kán lójú yín," ni ó wí. "Ẹ ń wo ẹnu mi bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Kò sí rédíò kankan lórí tábìlì yín lọ́sẹ̀ yẹn. Tí mo bá ní rárá, kí ni kí ẹ máa jí wá ṣe láàárọ̀?" Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ tó ń rán. "Mo rò pé ẹ óò rí i fúnra yín. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀rọ."

Ọkọ rẹ̀ la ẹnu. "Mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sódì," ni ó wí. "Èmi ni mo fi í sódì. Mi ò kà á, mo gbójú lé ọwọ́ mi."

Obìnrin náà wo ètè rẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ó yé mi."

"Ṣé òótọ́ ló yé ọ?"

Ó gbé aṣọ tó ń rán kalẹ̀.

"Rárá," ni ó wí.

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta wá tún un sọ, ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń la ẹnu gbàǹgbà. Nígbà tí Alágogo yọjú láti ẹnu ọ̀nà, tí ó fẹ́ dá àpárá rẹ̀, ó bá àwọn àgbàlagbà méjì ní orúnkún kan orúnkún. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ gidigidi, ètè rẹ̀ ń lọ, ọrùn rẹ̀ ń yọ iṣan, ṣùgbọ́n kò sí ìró kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó ti dá ohùn dúró, nítorí kò sí ẹni tí ó ń lò ó nínú yàrá náà. Alágogo dúró títí. Kò gbọ́ nǹkankan, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn náà dé.